Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, àti ìwé tí wọ́n fi gba Èkó

Ẹ̀yin èèyàn mi, thread gígùn ni o. Ẹ wá nǹkan jẹ sẹ́nu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń kọ ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà á ní kí n to oṣù kan sílẹ̀ fún òun: ọjọ́ wo la máa kí àwọn ìyá, ọjọ́ wo la máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọjọ́ wo la máa gbé "Lónìí nínú ìtàn" jáde. Ti "Lónìí nínú ìtàn" yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bí mo ṣe ń to oṣù kẹjọ nìyẹn, mo bá dé ọjọ́ kẹfà.

Ẹ wo ọjọ́ yẹn nínú àwọn kàlẹ́ńdà ìtàn tó wà nílẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé ọjọ́ yẹn, ní 1945, ni Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Hiroshima. Pé ní 1962 Jàmáíkà gba òmìnira. Pé ní 1991 Tim Berners-Lee kéde World Wide Web fún gbogbo ayé. Pé wọ́n bí Alexander Fleming ní 1881, Andy Warhol ní 1928, Michelle Yeoh ní 1962. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà, ní 1861, ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ ọba rẹ̀. Ìyẹn kì í sábà sí níbẹ̀.

Mo fi í síwájú, mo kọ ọ́ dáadáa. Oníbàárà ní ó ti wúwo jù, kí n fi Jàmáíkà síbẹ̀, kí n wá orin règé kan tì í lẹ́yìn. Mo ṣe é. Owó ilé ń bọ̀. Àmọ́ ojúde tèmi rèé, kò sí oníbàárà níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi.

A máa padà sẹ́yìn díẹ̀ ná. Ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì yìnbọn lu Èkó títí iná fi ń jó ilé. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ, wọ́n dá Akitóyè padà sórí oyè. Wọ́n ní òwò ẹrú làwọn fẹ́ dá dúró. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹrú ń jáde ní Èkó, a ò gbọdọ̀ torí pé inú ń bí wa sí òyìnbó ká pa ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n epo pupa náà ń jáde, ẹni tó bá sì di ẹnu ọ̀sà mú ló di ọ̀nà epo mú. Nígbà tí Akitóyè kú ní 1853, ọmọ rẹ̀, Dòsùnmú, jọba. Ọba tí wọ́n fi ìbọn gbé bàbá ẹ̀ dé orí oyè! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, agbára wo ló ní láti sọ fún oníbọn pé rárá?

Ó sọ ọ́ ṣá o. Ìyẹn ni wọn kì í sọ fún wa nílé ìwé.

Ní ìparí oṣù keje ọdún 1861, ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n ń pè ní HMS Prometheus wọlé. Norman Bedingfield ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ẹni tó ń ṣe adelé kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà náà ni William McCoskry, oníṣòwò kan. (Ẹ di orúkọ McCoskry yẹn mú fún mi.) Wọ́n pe Dòsùnmú, wọ́n sọ fún un pé ìjọba àwọn fẹ́ gba Èkó, kí ó fọwọ́ síwèé. Dòsùnmú kọ̀. Bedingfield wá jẹ́ kó yé e pé bí kò bá fọwọ́ sí i, ìbọn ọkọ̀ òun á dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mẹ́wàá péré ni 1851 sí ìgbà yẹn. Àwọn tí ilé wọn jóná ṣì wà láàyè, wọ́n ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, ọba fọwọ́ sí i, òun àti ìjòyè mẹ́rin.

Wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yìn ìbọn ńlá mọ́kànlélógún. Àwọn ọmọ ilé ìwé míṣọ́nnárì kọrin ọbabìnrin òyìnbó, wọ́n sì wá lọ jẹun nínú ọkọ̀ ogun náà. Nínú gbogbo ẹ̀, orin àwọn ọmọdé yẹn ló máa ń mú mi dákẹ́. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ṣé ẹnì kan ti ń kọ́ wọn lórin náà sílẹ̀ kí ọba tó fọwọ́ síwèé ni?

Ìwé náà ò gùn. Ó ní Dòsùnmú fi èbúté àti erékùṣù Èkó fún Ọbabìnrin Victoria, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ àti èrè tó wà níbẹ̀. Ó ní Dòsùnmú lè máa jẹ́ orúkọ ọba lọ, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ó lè máa parí ìjà láàárín àwọn ọmọ Èkó bí àwọn méjèèjì tó ń jà bá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gba iwájú òfin Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ń ta ilẹ̀, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé náà ni ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn tó ní ẹ̀tọ́ sí i. Wọ́n á sì máa sanwó fún un. Ní oṣù kejì ọdún 1862 ni wọ́n wá fi iye rẹ̀ sí i: 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún, èyí tí wọ́n ṣírò sí £1,030. Orúkọ ọba pàápàá, "Docemo" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ fi ìka yín sórí gbólóhùn yẹn, èbúté àti erékùṣù. A ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ogún ọdún géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn mọ́kànlélógún yẹn, ní 1881, wọ́n bí Alexander Fleming ní oko kan ní Ayrshire, ilẹ̀ Scotland. Òun ló rí i ní 1928 pé irú nǹkan tó máa ń hù lórí búrẹ́dì tó ti bu lè pa kòkòrò àrùn. Ibẹ̀ ni penisilínì ti jáde. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945, ó kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń lo oògùn náà díẹ̀díẹ̀, tí kò lò ó tó, á kàn kọ́ àwọn kòkòrò yẹn bí wọ́n ṣe máa bá oògùn jà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kápúsù méjì péré ní kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé, bàbá yìí ti bá yín wí tipẹ́. Mo ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé, ká wá sí Àpápá.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wa rò pé ìwé 1861 yẹn, ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, pé kò kan ẹ̀gbẹ́ tiwa lódì kejì omi. Ó kàn wá. Ní 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó dìde ni Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa. Olúwa yìí kì í ṣe ti òkè ọ̀run o, orúkọ oyè ni, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Olúwa ní kí ìjọba sanwó ilẹ̀ fún òun àti àwọn èèyàn òun.

Ẹ gbọ́ èsì ìjọba. Wọ́n ní ilẹ̀ wo? Wọ́n ní láti 1861 ni Dòsùnmú ti fi gbogbo ẹ̀ fún ọbabìnrin. Wọ́n ní Olúwa kàn ń bójú tó ilẹ̀ ni, pé owó alábòójútó làwọn lè san fún un, kì í ṣe owó onílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó gbà fún ìjọba. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní 1918 ilé ẹjọ́ tún gbà fún ìjọba.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo ní láti dìde nídìí kọ̀ǹpútà. Ìwé tí wọ́n fi ìbọn gbà lọ́wọ́ ọba kan, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn náà, òun ni wọ́n tún ń nà sí ìdílé mìíràn lójú pé ilẹ̀ wọn kì í ṣe tiwọn mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti burú jù ni pé, nínú àṣà Èkó, ọba kọ́ ló ni ilẹ̀. Àwọn Ìdẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọba ò lè fi aṣọ aláṣọ tọrẹ. Ohun tí Dòsùnmú ní ni ó lè fi sílẹ̀, ìyẹn àṣẹ ìlú. Oko àti àkúrọ̀ àwọn èèyàn kò sí lápò rẹ̀.

Ni wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, sí iwájú Privy Council. Ní 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Sọfeyọ̀ ni Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, èèyàn tí ìjọba Èkó ò fẹ́ rí sójú rárá. Kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó wà lọ́wọ́ ẹ̀, Èṣùgbàyí yìí sì wá láti ilé Dòsùnmú kan náà. Macaulay gbé ọ̀pá yẹn káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, ó ń sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé ọba mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún èèyàn ló ni ín. Ó bù mọ́ ọn díẹ̀, àbí? Mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníkọ́ńtẹ́ǹtì ni bàbá yẹn kí wọ́n tó dá iṣẹ́ wa sílẹ̀.

Ìjọba Èkó gbaná jẹ. Wọ́n ní kí Elékòó jáde wá sọ pé òun ò rán Macaulay níṣẹ́. Ó kọ̀. Wọ́n dá owó rẹ̀ dúró. Nígbà tó di 1925, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ọdún 1931 ló tó padà wálé. Ẹ wò ó dáadáa: ní 1861 wọ́n fi ìbọn gba "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́nu ọba. Ní 1920 ọba láti ilé yẹn kan náà sọ pé rárá, ó sì gbà láti jìyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ náà. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n yéé fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ó ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ, olóyè ló ń dì í mú fún wọn, àti pé ìwé 1861 kò gba ohun ìní lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọba yí padà, ilẹ̀ kò yí padà. Ó ní kí wọ́n san owó onílẹ̀. £22,500 ni ìjọba san nígbẹ̀yìn.

Àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yẹn títí dòní, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan. Kánádà tọ́ka sí i nígbà tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń bá ìjọba jà lórí ilẹ̀ wọn. Ilẹ̀ Àpápá o! Ibi tí gbogbo yín mọ̀ sí ibi tí tírélà ti ń sùn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín jẹ. Ní 1921 yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ńlá ní Àpápá, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 548. Onílẹ̀ jàre, owó wọlé, èbúté sì dìde. Nígbà tó di 1978, ìjọba ológun tiwa fúnra wa ṣe òfin ilẹ̀ tó kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Kò sí ọkọ̀ ogun lọ́tẹ̀ yìí, bírò lásán ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí nìyí. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni mí. Gúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Orúkọ àdúgbò wa ń sọ pé ajé ló wà nínú ọkọ̀, ibí ló sì gúnlẹ̀ sí. Ìjọ, Ùróbò, Ìgbò, Ìlàjẹ, Haúsá, Yorùbá, èbúté ló pe ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, wọ́n ṣiṣẹ́ ní wáàfù, wọ́n gba yàrá kan, wọ́n bímọ. Kò sí ìdílé tó ń jẹ́ Ìdẹ́jọ nínú wọn. Bí katapílà bá dé, ìwé ni wọ́n máa ń bèèrè. Ẹ wo ògiri ilé kiri, ẹ ó rí i tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Èèyàn tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ kì í kọ irú ẹ̀ sára ògiri.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká parí àwọn tó kù lọ́jọ́ kẹfà yìí.

Hiroshima, 1945, 8:15 àárọ̀. Nǹkan bí 140,000 èèyàn ló ti kú kí ọdún yẹn tó parí. Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, ẹ rántí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó bá àwọn ará Japan jà nínú igbó Bọ́mà. Púpọ̀ nínú yuréníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù náà sì wá láti Shinkolobwe ní Kóńgò, níbi tí Bẹ́ljíọ̀mù ti ń jọba. Aláwọ̀ dúdú ló wà á, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e lọ. Èbúté lẹ́ẹ̀kan sí i.

Jàmáíkà, 1962. Gẹ̀ẹ́sì ti wà níbẹ̀ láti 1655. Ní òru ọjọ́ karùn-ún mọ́jú ọjọ́ kẹfà, ní pápá ìṣeré Kingston, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. Ọjọ́ kan náà tí wọ́n ta á ní Èkó, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún sígbà náà. Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀mí kan wà nínú ọjọ́ yẹn. Rárá o. Ọjọ́ 365 ló wà lọ́dún, ìtàn ayé sì pọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá mú náà á kún. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń yan èyí tó máa wọ kàlẹ́ńdà, ẹni yẹn kì í sì í gbé Ajégúnlẹ̀. Ọjọ́ tí Jàmáíkà ń jó yẹn gan-an ni wọ́n bí Michelle Yeoh ní Ipoh, ní Malaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957. Òun ló gba Oscar ní 2023. Ẹ ti wo fíìmù ẹ̀, mo mọ̀ yín.

Ní 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Èyí mú mi rántí pé nígbà ìdìbò tó wáyé ní Èkó ní 1923, ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ni wọ́n gbà láàyè. Ẹgbẹ́ Macaulay ló kó gbogbo ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti Èkó. Òun fúnra rẹ̀ ò lè díje, nítorí pé ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Obìnrin? Kò sí obìnrin níbẹ̀ rárá.

1991, World Wide Web. Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Berners-Lee, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ mí lówó iṣẹ́ láti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ó ku McCoskry tí mo ní kí ẹ dì mú. Ọkùnrin yẹn, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa fòò. Àwọn ará Èkó ò lè máa fi ahọ́n pe McCoskry, wọ́n wo àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, Apọ́ngbọ̀n yẹn náà. Láràárọ̀ ni kọ́ńdọ́ ń fi gbogbo ẹnu pe orúkọ ẹni tó bá wọn gba Èkó, "Apọ́ngbọ̀n wọlé, máa wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ." Dòsùnmú náà ní àdúgbò tiẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ọjà ni gbogbo ibẹ̀. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n, ẹ má wọ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín. Ẹ ó dé Dòsùnmú kí òógùn tó bò yín.